Ta Ló Mọ Orúkọ Màmá Ìbejì?

Gbogbo ẹni tó ń pè mí ní àmẹ́bọ ní Àgbówó yìí, ẹ wá gbọ́ o. Ìjọba Amẹ́ríkà ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi wọlé. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i ní kóòtù Ring Road, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Houston, òyìnbó kà á, ó sì gbà á gbọ́. Nínú ọgbà yìí, ọ̀rọ̀ ta ló tún ti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Bàbá Lánlọ́ọ̀dù tó ń fi gírámà yọ wá lẹ́nu láràárọ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ò tíì kọjá Sáńgò.

Ẹ ṣáà mọ ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, ẹ̀gbẹ́ géètì gan-an ni. Ẹni tó bá wọlé, mo rí i. Ẹni tó bá jáde, mo rí i. Ẹni tó bá wọlé tí kò jáde, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ mi. Ojú mi báyìí ni Kẹ́hìndé Màmá Ìbejì ṣe gbé báàgì jáde kí Kòrónà tó dé, tó ní òun ń lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò bàbá òun ní Houston, òun ń bọ̀. Kódà èmi ni mo rán aṣọ ẹbí tó gbé lọ. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ku díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Físà àlejò ló fi lọ. Nígbà náà, ọlọ́dún méjì ni wọ́n máa ń fún wa, èèyàn lè wọlé kó jáde bó ṣe wù ú. Oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n gé e kù sí oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn sì lè fi wọlé. Victoria Island ló ti lọ gbà á, ní ojú títì tí wọ́n fi orúkọ Walter Carrington sọ. Ẹ̀yin ò lè mọ Carrington, ẹ kéré. Òun ni aṣojú Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ wa láti 1993 sí 1997, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ko Abacha lójú. Ọmọ wa ló fẹ́, Dókítà Arese. Mo máa ń rò ó nígbà míì pé ojú títì tó ń jẹ́ orúkọ àna wa yìí náà ni wọ́n ti ń bi àwọn ọmọ wa bóyá lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́ràn ẹni tí wọ́n fẹ́. Ta ló bi Carrington?

Ibi tí Kẹ́hìndé ti ṣì í ni pé ó ka ọjọ́ tó wà lára físà, ó rí ọdún méjì, ó bá jókòó pa. Ọjọ́ ara físà kọ́ ni ọjọ́ tí èèyàn máa kúrò nílẹ̀ wọn o. Ìgbà tó ṣì lè kan ilẹ̀kùn nìyẹn. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un ní pápákọ̀ òfuurufú ló ń sọ ọjọ́ tó máa jáde, ìwé kan tí wọ́n ń pè ní I-94 ló sì máa ń wà, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fún àlejò. Oṣù mẹ́fà yẹn pé, Kẹ́hìndé ò mọ̀. Ìgbà tó fi máa mọ̀, Kòrónà ti so bàálù mọ́lẹ̀. Ìgbà tí bàálù tún máa gbéra, ó ti ń bá wọn fọ mọ́tò, ó ti ń fowó ránṣẹ́, Màmá Ìbejì sì ti lẹ táìsì sí pálọ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa pè é pé kó máa bọ̀?

Bàbá Ìbejì wá kú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé nígbà náà, ẹ rántí ariwo tó sọ. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, gbogbo ayé mọ̀ pé Táyé kàn wá tọ́ ayé wò fún un ni, Táyé nìkan ló sì wá sin bàbá. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó ti Ìsẹ́yìn wá ń yínmú. Alhaja yàrá kẹta, tí ọmọ tirẹ̀ ò ju Lékì lọ tí kò sì kí i lọ́dún Iléyá, òun ló ń bèèrè pé irú ọmọ wo nìyẹn.

Ohun tí wọn ò mọ̀, tí èmi ti mọ̀ nítorí pé ọ̀dọ̀ mi ni Màmá Ìbejì ti máa ń wá sunkún lálẹ́, ni òfin kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1996. Ẹni tó bá fi ju ọjọ́ 180 kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, àmọ́ tí kò tíì pé ọdún kan, bó bá jáde báyìí, ó di ọdún mẹ́ta kó tó lè padà wọlé. Bó bá ti pé ọdún kan, ó di ọdún mẹ́wàá. Ẹ wá wo ìkà inú rẹ̀: bó bá jókòó síbẹ̀, ìyà yẹn ò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó bá wọ bàálù ló ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n tún dè é mọ́lẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà tó fẹ́ gbà lọ.

Fóònù ni wọ́n fi ṣe é. Táyé na fóònù sókè sàréè, a rí Kẹ́hìndé nínú rẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, fìlà rẹ̀ sì ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀, díẹ̀ ta sójú fóònù, Táyé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó tún nà án padà. Alhaja rí ìyẹn, ó dákẹ́. Àkọ́kọ́ nìyẹn.

Nígbà tó yá, ìròyìn kàn wá pé Kẹ́hìndé ti rí obìnrin. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè orúkọ obìnrin náà, ọgbà ti dájọ́: "Pálí ló fẹ́." Mi ò lè dá wọn lẹ́bi, àrẹ́ńjì ti ba ọjà jẹ́ mọ́ àwọn olóòótọ́ lọ́wọ́. Ṣé ẹ rántí àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, Alex Brown? Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà ní etí òkun, ní St Leonards-on-Sea. Láàárín ọdún mẹ́rin péré, ìgbéyàwó 360 tó jẹ́ ayédèrú ló so níbẹ̀, àwọn ará ìlà-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n fowó wá, àwọn ọmọ Áfíríkà ni wọ́n so wọ́n mọ́, àwọn èèyàn wa ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní 2010, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ó lé ọgọ́ta! Ká ní ìgbéyàwó tòótọ́ ni, aránṣọ tó bá wà ládùúgbò yẹn ì bá ti kọ́lé.

Amẹ́ríkà náà ò fi tiwọn ṣeré. Láti 1986 ni wọ́n ti ní òfin àwọn tó ń fi ìgbéyàwó purọ́: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún márùn-ún, owó ìtanràn tó lè tó $250,000. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹni tí wọ́n bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó ṣe é rí, bó bá padà rí olólùfẹ́ òdodo lọ́la, wọn ò ní gba ìwé tí ẹni náà bá kọ fún un. Ọ̀kan wà ní Challenge lọ́hùn-ún, mi ò ní dárúkọ, ìyá rẹ̀ ń ta pákò nítòsí gáréèjì Èkó. Ó san dọ́là fún obìnrin àkọ́kọ́, ó fẹ́ràn èkejì tọkàntọkàn, èkejì ò sì lè ràn án lọ́wọ́. Mo ti sọ jù.

Obìnrin Kẹ́hìndé kì í ṣe irú ìyẹn. Ọmọ Togo ni, láti Atakpamé, nínú àwọn Yorùbá ibẹ̀ tó ń pe ara wọn ní Ifẹ̀. Tẹ́tẹ́ físà ló jẹ tó fi dé Amẹ́ríkà. Nàìjíríà ò sí nínú tẹ́tẹ́ yẹn mọ́, láti èyí tó jẹ́ ti 2015 ni wọ́n ti yọ wá, torí pé àwa tó ti lọ ti pọ̀ jù lójú wọn. Àwọn ará Togo ṣì ń ta á nígbà náà.

Bí Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ṣe gbọ́ Togo báyìí, ó gbé àga jáde. Ẹ mọ̀ pé Kùmásì ni wọ́n ti bí i, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò níbẹ̀. Ó ní kí á fi ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú sílẹ̀ fún òun, òun ti rí tiẹ̀ láti kékeré. Oṣù Kọkànlá 1969 ni Busia tó ń ṣèjọba Ghana ní kí àjèjì tí kò bá níwèé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ti bímọ, tó ti kọ́lé, tí wọn ò mọ ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́, gbogbo wọn ló di ẹrù. Mo ní, "Bàbá, àwa náà ò ha san án fún wọn?" Ṣebí oṣù Kìn-ín-ní 1983 ni ìjọba Ṣàgàrí fún àwọn ará Ghana àtàwọn mìíràn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù wọn ló di Ghana Must Go, òun náà ni mo fi ń kó ègé aṣọ nísàlẹ̀ tábìlì yìí. Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Ó fẹ́ máa ṣàlàyé bó ṣe yàtọ̀, gbogbo wa ti rántí ohun tí a gbé kaná.

Kí ni mò ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, Togo. Wàhálà ibẹ̀ ni pé grínkáàdì ni ọmọbìnrin náà ní, kò tíì di ọmọ onílẹ̀. Lọ́yà wọn la ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Ọkọ tàbí ìyàwó ọmọ onílẹ̀, bó bá ti gba ẹnu géètì wọlé, tí wọ́n yẹ pálí rẹ̀ wò tí wọ́n ní kó kọjá, òfin á mójú kúrò lára ọjọ́ tó fi kọjá àti iṣẹ́ tó ṣe láìgbàṣẹ, wọ́n á yí ìwé rẹ̀ padà sí grínkáàdì níbẹ̀, kò ní jáde. Ti onígrínkáàdì ò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ka ọjọ́ yẹn sí ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Ẹni tó sì forí la igbó Panama, tó gba Mexico fo odi wọlé, kó fẹ́ ọmọ onílẹ̀ méjì, wọn ò ní yí tirẹ̀ padà níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Alhaja ní ìyẹn ò bófin mu. Mo ní Alhaja, òfin náà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, ọdún márùn-ún lèèyàn máa lò lórí grínkáàdì kó tó lè tọrọ àtidi ọmọ onílẹ̀. Wọ́n dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ní pálí ló fẹ́, ẹni tó fẹ́ pálí a máa dúró? Ọkùnrin tó ń sá fún ọlọ́pàá, tí kò lè lọ sin bàbá ẹ̀, tí àwọn ọ̀rẹ́ ń fi obìnrin tó ti ní pálí ọmọ onílẹ̀ lọ̀ ọ́, ó ní ará Atakpamé lòun ń dúró dè. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin yẹn búra tán ni wọ́n tó lọ so yìgì ní kóòtù.

Wọ́n wá kó ìwé wọlé. I-130 ti ìyàwó, I-485 ti ọkọ, pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni I-864. Ìyàwó ló ń búra nínú ẹ̀ pé òun á gbọ́ bùkátà ọkọ, yóò sì fi hàn pé owó tó ń wọlé fún òun tó ìdá 125 nínú 100 iye tí ìjọba wọn kà sí ìlà òṣì. Kí wọ́n kọra wọn sílẹ̀ lọ́la, ìbúra yẹn ò tú. Àfi kí ọkọ di ọmọ onílẹ̀, tàbí kó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tàbí kó kó kúrò nílùú pátápátá, tàbí ikú. Màmá Ìbejì gbọ́, ó ní, "Ìyàwó ni yóò máa bọ́ ọmọ mi? Irú èpè wo nìyẹn?" Ìyá Sàdíà ní tiẹ̀ sáré wá bá mi nídìí ẹ̀rọ, ó ní kí n bá òun wá fọ́ọ̀mù yẹn, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tí ọkọ ń fọwọ́ sí.

Ìwé ìbí ló kàn. Ta ló ń gba ìwé ìbí nígbà tí wọ́n bí wọn? 1992 ni òfin tó gbé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ lé àjọ ìkànìyàn lọ́wọ́ jáde, àwọn ìbejì yẹn ti ń sáré kiri ọgbà. Wọ́n ní kí ẹni tó mọ̀ nípa ìbí rẹ̀ lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù, kó fi gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ìkànìyàn. Táyé ní òun á lọ. Akọ̀wé kóòtù bi í pé, "Níbo lo wà nígbà tí wọ́n bí i?" Ó ní, "Inú kan náà." Wọ́n ní kó lọ pe àgbà wá. Màmá Ìbejì ló lọ búra, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ gidi síbẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Fọ́ọ̀mù tún ń béèrè bóyá ó ti fẹ́yàwó rí. Ọgbà pín sí méjì lórí ọmọbìnrin Bódìjà tí Kẹ́hìndé fẹ́ fẹ́ kó tó lọ, torí pé a wọ aṣọ, a sì jẹ mọ́ínmọ́ín. Mo ní mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lásán ni, wọn ò gbé owó orí sílẹ̀, wọn ò sì fa ìyàwó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọ́n kọ "rárá" síbẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ìdána parí, ó gbọ́dọ̀ mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ kóòtù ìbílẹ̀ wá, torí wọ́n ka tiwa náà sí ìgbéyàwó.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin òyìnbó tó bi wọ́n ní ìbéèrè. Ó kọ́kọ́ bi wọ́n pọ̀, ara ò rọ̀ ọ́, ló bá pín wọn síyàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní New York, orúkọ ẹjọ́ kan ní 1976 ni wọ́n fi ń pe irú ẹ̀, Stokes. Ta ló ń kọ́kọ́ jí? Apá ibo lára bẹ́ẹ̀dì ni ti ọkọ? Kí lẹ jẹ lálẹ́ àná, ta ló sè é, ta ló fọ abọ́? Ta ló ń gbé ìdọ̀tí síta? Nígbà tí Kẹ́hìndé ń rò ó fún wa lórí fóònù, inú mi ń dùn. Èèyàn ń gbowó oṣù, owó dọ́là, lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì! Wọ́n yege gbogbo ẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ abọ́ nìkan ni wọ́n ti bá ara wọn jiyàn, ìyẹn sì fi hàn pé tọkọtaya ni wọ́n.

Òyìnbó wá bi ìyàwó pé, "Kí ni orúkọ ìyá ọkọ ẹ?"

Ó ní, "Màmá Ìbejì."

"Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ń kọ́?"

Ìyàwó tẹrí ba, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n tọ́ ọmọ dáadáa ní Atakpamé, ta ló máa pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ, níwájú àjèjì? Òyìnbó dúró, kò gbọ́ nǹkan kan, ó kọ̀wé. Nínú yàrá kejì, Kẹ́hìndé ka orúkọ ìyá rẹ̀ jáde gbọnrangandan bó ṣe wà nínú ìwé. Ìdáhùn méjì ò bára mu. Lẹ́tà dé lẹ́yìn ìyẹn pé kí wọ́n mú ẹ̀rí sí i wá.

Ìdí tí wọ́n fi pè mí nìyẹn. Lọ́yà ní òfin gba ìwé ìbúra lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ nípa ìgbéyàwó wọn, ó béèrè pé ta ló mọ ohun tó ń lọ nínú ilé náà jù. Mo gbọ́ pé ìyá àti ọmọ dárúkọ mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo wọ Micra láti Àgbówó, àwa mẹ́rin lẹ́yìn, ọ̀kan gbé adìyẹ. A gba Mọ́kọ́lá, ìdí Cocoa House ní Dùgbẹ̀ ni adìyẹ sọ̀kalẹ̀, mo mí. Mo dé kóòtù Ring Road, mo jókòó, mo ro tẹnu mi: pé ìyàwó ń pe Màmá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, pé ó kúnlẹ̀ kí mi nínú fóònù títí Màmá fi ní kó dìde, pé nígbà tí Màmá ṣàìsàn ẹsẹ̀, òun ló bá a fi fóònù bá dókítà sọ̀rọ̀, pé nílẹ̀ Yorùbá, níbí àti ní Togo, ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ìyá ọkọ, pípè é gan-an ni ìbá fi hàn pé kò mọ nǹkan kan. Akọ̀wé ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó ní, "Ó dáa, kí ni orúkọ Màmá náà?"

Mo ní, "Màmá Ìbejì."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó wò mí. Mo mọ iye ìgbà tí wọ́n ti yá owó àjọ nínú ọgbà yìí, mo mọ ẹni tó ń bu epo nínú jẹnẹrétọ̀ Bàbá Lánlọ́ọ̀dù. Fóònù Táyé ni mo pè. Ó pe orúkọ náà fún mi, ó tún un pè. Orúkọ tó dùn ni, kò jọ Màmá Ìbejì rárá. Ẹ̀yin náà fẹ́ gbọ́ ọ, àbí? Ẹ lọ ka ìwé ní Houston.

Wọ́n fún Kẹ́hìndé ní grínkáàdì. Àmọ́ ẹ wò ó, káàdì ọlọ́dún méjì ni, torí pé ìgbéyàwó wọn ò tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Màmá Ìbejì gbà á sí ìwọ̀sí: "Wọ́n ń dán ọmọ mi wò ni, bíi ọmọ ọ̀dọ̀?" Mo ní kó má bínú, àwọn mìíràn ò rí ìyẹn. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n kó àwọn kan ní San Diego níbi irú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yìí gan-an. Ọmọ onílẹ̀ ni ọkọ tàbí ìyàwó wọn, físà tó ti kọjá ọjọ́ sì ni wọ́n tìtorí ẹ̀ mú wọn. Ti Kẹ́hìndé ti kọjá kó tó dìgbà yẹn.

Ó ń bọ̀ ní Kérésì, òun àtìyàwó, ó fẹ́ lọ sí ìdí sàréè. Mo ti ní kí Màmá mú aṣọ ẹbí wá ní kíákíá, owó ní ọwọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó máa ṣáájú ọjọ́ tí ọdún méjì yẹn pé ni wọ́n á tún kọ̀wé pọ̀ láti sọ káàdì yẹn di gidi, ìwé ìbúra ẹlẹ́rìí méjì tó mọ àwọn méjèèjì sì wà lára ẹ̀rí tí wọ́n lè kó lọ. Èmi ni ọ̀kan, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ní òun ni èkejì, pé lánlọ́ọ̀dù ló yẹ kí òyìnbó gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ó ti ń kọ tiẹ̀ sílẹ̀ sórí fúúsìkáàpù láti ọjọ́ Àìkú. Mo yọjú wò ó lánàá. Ó ti kọ ojú ewé mẹ́rin, Kùmásì ló ṣì wà, Busia ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbàjọba ni.